Kí Ẹ Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Wá sí Kánò



Ìbéèrè ti ń wọlé sórí fọ́ọ̀nù mi láti bí oṣù méjì. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a lè wá lo ọlidé ní Kánò ní Disẹ́ńbà?" "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ fẹ́ rí ibi tí wọ́n bí bàbá wọn sí, ṣé kò léwu?" Ọ̀kan láti London, ọ̀kan láti Houston, ẹnì kan tiẹ̀ pè láti Kútọnu. Kàkà kí n máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí n kọ ọ́ síbí, kí kálukú wa lè fi ránṣẹ́ sí àwọn tiẹ̀.

Gwagwarwa ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. Ilé wa kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì o, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí a kì í gba àlejò. Ohun tí ojú wa ti rí ni mo fẹ́ sọ. Àmọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ju gbogbo rẹ̀ lọ: àlejò á lo ọ̀sẹ̀ méjì, á padà lọ. Àwa là ń gbé ibí. Ohun tí àlejò bá ṣe lọ́jà tàbí lójú títì kì í bá a wọ bàálù. Ọ̀dọ̀ wa ló ń kù sí.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Èkó, ẹ mọ Sábó. Ibẹ̀ ni àwọn Hausa ń gbé, ibẹ̀ lẹ ti ń ra súyà. Ní Kánò, àwa gan-an ni ará Sábó. Ní 1912 ni reluwé láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò dé Kánò, àwọn bàbá wa sì bá a wá: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ reluwé, télọ̀, oníṣòwò láti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ìjẹ̀bú. Ìjọba Òyìnbó ya Sabon Gari sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀. Gwagwarwa tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ àlejò ni àwọn kan ṣì ń pè wá. Nítorí náà, bí ẹ bá wá kí wa, àlejò ọ̀dọ̀ àlejò ni yín. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ gbọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà máa ń kọ ìkìlọ̀ fún àwọn ọmọ ìlú wọn nípa ìrìnàjò sí Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, Kánò sì máa ń wà lára àwọn tí wọ́n ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn kan níbí máa ń bínú sí i. Wọ́n á ní, "Àwa tí à ń gbébẹ̀ ńkọ́? Ṣé a kì í ṣe èèyàn ni?" Òótọ́ ni, à ń sùn, à ń jí, à ń ṣe ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìkìlọ̀ náà tán kí ẹ tó sanwó. Ìdí kan ni pé àwọn ajínigbé kì í ṣe ìtàn. Ìdí kejì, ọ̀pọ̀ inṣọ́ránsì ìrìnàjò ni kò ní san kọ́bọ̀ tí ẹ bá lọ síbi tí ìjọba yín ní kí ẹ má lọ. Bí ẹ bá ṣẹsẹ̀, tàbí tí àìsàn bá dé, tó jẹ́ pé bàálù ni wọ́n máa fi gbé yín padà, àpò ẹbí ni owó yẹn ti máa jáde. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì yín, ẹ dárúkọ Kánò fún wọn ní gbangba, kí wọ́n sì kọ èsì wọn ránṣẹ́ sí yín.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kàn. Ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, kó mú un dání, kò nílò físà. Ọmọ tó jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Òyìnbó nìkan ló ní, físà ni o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríkì rẹ̀ gùn ju ti Ọba lọ. Láti oṣù Karùn-ún 2025, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba físà ìbẹ̀wò kúkúrú, fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú náà sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú òpó Immigration fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ má sanwó fún ẹni tó kàn bá yín lórí WhatsApp pé òun mọ ọ̀gá kan. Àwọn ará wa láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kò nílò físà, àdéhùn ECOWAS fún wọn ní 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n kí ìwé ìrìnàjò wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì rí i pé wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀ ní bọ́dà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ wọlé láìsí òǹtẹ̀, ọjọ́ tó bá kan àwọn ọlọ́pàá lójú ọ̀nà ni yóò mọ̀ pé owó mọ́tò nìkan kọ́ ni owó ìrìnàjò.

Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, ìwé tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ yellow fever. Oògùn ibà náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ dókítà yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, tí ẹ ti lo ogún ọdún lókè òkun, ẹ má sọ pé "ẹ̀fọn mọ̀ mí." Kò mọ̀ yín mọ́. Ara tó ti pẹ́ tí ibà ti bá a jà kẹ́yìn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Òyìnbó. Ẹ tún béèrè abẹ́rẹ́ meningitis, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, àrùn tó máa ń mú ọrùn le gan-an. Kánò wà láàárín àwọn ibi tó ti ń jà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an sì ni àkókò rẹ̀. Ní 1996 ó ṣe ìlú yìí léṣe, àwọn àgbà ibí ṣì rántí.

Ojú ọ̀nà wá ńkọ́? Tí agbára bá gbé e, ẹ bá bàálù wọ Kánò. Pápákọ̀ òfuurufú Mallam Aminu Kano kì í ṣe ti àná, láti 1936 ni wọ́n ti ń lò ó. Ethiopian Airlines àti EgyptAir ń gbé èrò wá láti Addis Ababa àti Cairo, ẹ kò tiẹ̀ ní fojú kan Èkó. Ẹni tó bá sì gba Èkó tàbí Àbújá wọlé, bàálù abẹ́lé wà. Àkíyèsí kan: láàárín Disẹ́ńbà sí Fẹ́búárì, ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀run bíi kùrukùru, bàálù lè má lè balẹ̀, ó lè má lè gbéra. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé wákàtí méjì péré ló wà láàárín bàálù Kánò àti èyí tó ń gbé yín padà sí London. Ẹ fi ọjọ́ kan sáàárín.

Títì láti Àbújá gba Kaduna àti Zaria dé ọ̀dọ̀ wa jẹ́ kìlómítà 375. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn ni ọkàn wa kì í balẹ̀ sí jù. Reluwé wà láti Idu ní Àbújá dé Rigasa ní Kaduna, kì í dé Kánò. Reluwé yẹn náà ni àwọn agbébọn kọlù ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2022. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ sínú igbó, ó sì lé ní oṣù mẹ́fà kí àwọn tó kù lọ́wọ́ wọn tó dé ilé. Ó ti padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èèyàn ń wọ̀ ọ́. Èmi ò ní kí ẹ wọ̀ ọ́, mi ò ní kí ẹ má wọ̀ ọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé tó bá di dandan kí ẹ gba ilẹ̀ wá, òwúrọ̀ ni kí ẹ gbéra, kí oòrùn má wọ̀ bá yín lọ́nà. Ẹ má gbé e sórí Facebook pé "mo ti wà lọ́nà Kánò báyìí o." Ẹ dé ilé ná, kí ẹ tó gbé fọ́tò.

Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ ó rí i pé òtútù ọyẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ yín. Ní Disẹ́ńbà àti Jánúárì, òru ibí ń béèrè súẹ́tà, ètè á máa là, imú á máa gbẹ. Ẹ mú fasilíìnì dání. Tó bá jẹ́ oṣù Kẹta sí Ìkarùn-ún lẹ fẹ́ wá, ooru lè dé 40, iná mànàmáná kò sì ní máa dúró dè yín. Fún ọmọ kékeré àti àgbà, ọyẹ́ sàn jù ú lọ.

Láàárín ìlú, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mọ́tò wa. Márúwá lẹ̀ ń pè é, níbí Adaidaita Sahu ni. Ọ̀kadà tí ẹ mọ̀, tí wọ́n ń pè ní achaba níbí, ìjọba ti fòfin de kíkó èrò pẹ̀lú rẹ̀ láti Jánúárì 2013. Ẹ sọ iye owó kí ẹ tó wọlé. "Nawa ne?" ni èló ni. "Na gode" ni ẹ ṣeun. "Don Allah" ni ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí á ṣe fún yín ju dọ́là lọ, nítorí bí Hausa bá ti gbọ́ pé ẹ gbìyànjú èdè òun, inú rẹ̀ á dùn, á sì máa kọ́ yín ní òmíràn.

Wàyí o, òfin. Láti 2000 ni Ṣàríà ti wà ní Kánò. Òfin kò gba ọtí láyè. Ẹ ó rí bíà ní Sabon Gari, ẹ ó gbọ́ orin, ẹ ó rí ẹran ewúrẹ́ pẹ̀lú ata lórí tábìlì, ẹ ó sì rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ti rọ̀. Kò rọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2013, àwọn Hisbah fọ́ ìgò bíà tó tó 240,000 lójú gbogbo ayé. Ẹ má gbé ìgò sínú kẹ̀kẹ́ kọjá sí àárín ìlú. Ẹ má mu àmupara kí ẹ wá máa rìn kiri lóru. Tí wọ́n bá mú yín, bọ́yá ọ̀rọ̀ pásípọ́ọ̀tù yín á mú kí wọ́n fi yín sílẹ̀. Onílé tí ẹ sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní pásípọ́ọ̀tù yẹn.

Aṣọ: obìnrin tó bá fẹ́ wọ inú odi ìlú, kó wọ èyí tó bo apá àti ẹsẹ̀, kó mú gèlè tàbí ìborùn dání. Ọkùnrin, ẹ fi ṣòkòtò péńpé sílẹ̀ sílé. Ẹ má na ọwọ́ sí obìnrin láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ àyàfi tó bá kọ́kọ́ na tirẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, láti bí aago méjìlá dé aago méjì ààbọ̀, ẹ má ṣètò ìrìn kankan, àwọn ọ̀nà tó wà nítòsí mọ́ṣáláṣí ńlá máa ń dí pa. Tó bá jẹ́ àsìkò ààwẹ̀, ẹ jẹun nínú ilé. Kì í ṣe ẹ̀sìn yín ni wọ́n ń béèrè, ọ̀wọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá láti Manchester. Ọmọ dáadáa ni, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo èèyàn láti gétì dé bákíyáàdì. Ó bá wa lọ sọ́jà, ó gbé fọ́ọ̀nù sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò àwọn obìnrin tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Kò béèrè. Ọkùnrin kan ní kó pa á rẹ́. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé ìta gbangba ni, ẹ̀tọ́ òun ni. Kí a tó ṣẹ́jú, èèyàn ti yí wa ká bí ogún, ọgbọ̀n, ohùn ti ń lọ sókè. Alhaji tí a ti ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ ló jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ dí ọmọ náà, ó bẹ̀ wọ́n, ó gba fọ́ọ̀nù, ó fi hàn wọ́n pé òun ti pa á rẹ́. Bó ṣe tán nìyẹn.

Ọmọ wa padà sí Manchester ní ọjọ́ Sunday, ó ti ní ìtàn tó máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Níbí, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Àwọn aládùúgbò Alhaji ń bi í léèrè ìdí tó fi ń gbèjà àwọn tí kò nítìjú. Ìyàwó mi kò lè gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó yá, èmi àti àgbà méjì láti àdúgbò gbé obì lọ bá a. Ẹ mọ̀ pé gbànja tí àwọn bàbá wa ń kó wá láti ilẹ̀ Yorùbá ló kọ́kọ́ sọ ọ̀pọ̀ wọn di ọ̀rẹ́ ará Kánò. Alhaji gba obì náà, ó là á, ó fún wa nínú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yín, ọmọ wa ni. Ẹ ṣáà máa sọ fún wọn kí wọ́n tó dé." Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Torí náà, ẹ béèrè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Obìnrin àti ọmọdé, ẹ kúkú fi wọ́n sílẹ̀. Ọlọ́pàá, sójà, bárékè, pápákọ̀ òfuurufú, ẹ má gbé fọ́ọ̀nù sókè rárá. Dúróònù, ẹ fi í sílé.

Ẹ má wá jẹ́ kí gbogbo èyí mú kí ẹ jókòó sí Sabon Gari títí ẹ ó fi lọ. Àwọn kan á wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n á jẹ àmàlà ọ̀sẹ̀ méjì ní Gwagwarwa, wọ́n á lọ sí páárì mẹ́rin, wọ́n á padà sọ pé àwọn ti dé Kánò. Wọn ò tíì dé Kánò. Àlejò ní ojú, kò fi ríran.

Ẹ lọ sí Gidan Makama, ilé amọ̀ àtayébáyé tí wọ́n fi ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kò jìnnà sí ààfin Ẹ́míà. Ẹ lọ sí ọjà Kurmi, tí Ọba Muhammadu Rumfa dá sílẹ̀ ní bí ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹ gun òkè Dala ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, ẹ ó rí ìlú látòkè. Ẹ jẹ masa gbígbóná, ẹ mu fura, ẹ ra kilishi lọ sílé. Kí ẹ sì béèrè Ayagi, àdúgbò inú odi tí àwọn Yorùbá ti tẹ̀ dó sí kí Òyìnbó tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ti di Hausa pátápátá.

Kòtò aró Kofar Mata ni kí ẹ má fò. Wọ́n ní láti 1498 ni wọ́n ti ń pa aró níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin kan tó wá láti Maryland sọ fún ọkùnrin aláró kan níbẹ̀ pé ẹlú ni ìyá àgbà òun ń rẹ l'Ọ́ṣogbo. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Obìnrin kẹ̀? Lọ́dọ̀ tiwọn, ọkùnrin ló ń pa aró. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ ìyá ni. Wọ́n jókòó sétí kòtò fún bíi wákàtí kan, èmi ni mò ń túmọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ eérú àti iye ọjọ́ tí aró fi ń jinná. Ó ra aṣọ méjì, ó sanwó tó yẹ. Títí dòní, bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, ọkùnrin yẹn á béèrè ọmọ aláró tó wá láti Amẹ́ríkà.

Tó bá jẹ́ torí Durbar lẹ ṣe ń bọ̀, ẹ béèrè dáadáa ná. UNESCO fi Durbar Kánò sínú ìwé ogún àṣà àgbáyé ní Disẹ́ńbà 2024, ó sì yẹ ní wíwò. Ṣùgbọ́n nítorí ìjà oyè Ẹ́míà, àwọn ọlọ́pàá fòfin dè é ní Iléyá 2024 àti ní ọdún ìtúnu ààwẹ̀ 2025. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dá padà nítorí ẹṣin tí ẹ kò tíì mọ̀ bóyá yóò jáde.

Owó ló kù. Náírà ni wọ́n ń ná. Káàdì òkèèrè lè kọ̀, ẹ má gbára lé e nìkan. Ọjà dọ́là wà ní Wapa ní Fagge, ẹ má dá lọ, ẹ má ka owó lójú títì. Sim tuntun ń béèrè ìwé, nítorí náà ẹ ṣètò fọ́ọ̀nù yín láti ilé. Èyí tó kẹ́yìn, kí ẹ má bínú: ẹni tó gbà yín sílé ń ra epo jẹnẹrétọ̀, ó ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa, ó ń ra gáàsì. Kò ní sọ fún yín, torí pé Yorùbá ni. Ẹ fi nǹkan sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì tí ẹ dé, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì àti lọ́fínńdà dára, ṣùgbọ́n a kì í bu lọ́fínńdà sínú jẹnẹrétọ̀.

Ẹ wá o. Àwọn àgbà wa ní Gwagwarwa ń darúgbó, àwọn míì ò tíì rí ọmọ-ọmọ wọn rí àfi lórí fídíò. Ẹ sáà pe onílé kí ẹ tó sanwó bàálù, kí ẹ bi í léèrè bí ìlú ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Ohun tó bá sọ fún yín, ẹ gbà á gbọ́. Tó bá ní kí ẹ dúró ná, ẹ dúró.

Ẹni tó bá ní àfikún, kó fi kún un. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wa níbi yòówù kí wọ́n wà. Ọlọ́run á ṣọ́ ìrìn wa o. Àmín.